Ẹ má tíì lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí tábìlì géèmù yín

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwa òǹkàwé tí lẹ́tà wa máa ń gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Lugbe l'Abuja níbí, èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló mú mi gbé fóònù. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré kan tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons lọ́jọ́ Sátidé, ẹni mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́ wọ́n ti di mọ́kànlá, báyìí gbogbo ẹ̀ ti di ariwo, ẹnìkan fẹ́ máa jà ṣáá, òmíì fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ṣáá, òun wá fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni márùn-ún, kí òun sì lé àwọn méjì kan tó ń ba eré jẹ́. Ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gba òun nímọ̀ràn. Èmi náà ń darí irú eré yìí ní Kubwa níbí, ó ti ṣe díẹ̀, nǹkan tí mo sì fẹ́ bá a sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Kó má lé ẹnikẹ́ni títí á fi bi wọ́n léèrè nǹkan tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀, tí wọ́n bá ti dáhùn, kó pín wọn bí ìdáhùn wọn bá ṣe rí, kó má pín wọn bí ẹni tó ń bá ẹni ṣọ̀rẹ́.

Fún àwọn tí ò mọ nǹkan tá à ń sọ (torí mo mọ̀ pé bàbá mi máa ka lẹ́tà yìí, wọ́n á ní irú kí tún nìyí), eré yìí ò ní bọ́ọ̀dù tí èèyàn ti ń sáré wọlé bíi ti lúdò, kò sì sẹ́ni tó ń wínì. Ẹ máa jókòó yí tábìlì ká, ẹnìkan nínú yín ni DM (Dungeon Master, ìyẹn adarí eré), òun ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó kù, kálukú ló ní kàràkítà tiẹ̀ tó ń darí, ọdẹ ni o, oníṣègùn ni o, olè ni o. DM á ní ẹ ti dé etí odò, afárá ti já, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ ó sọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, tó bá jẹ́ nǹkan tó le, ẹ ó ju dáìsì, dáìsì ló máa sọ bóyá ẹ rí i ṣe tàbí ẹ ò rí i ṣe. Dáìsì ọ̀hún ju ti lúdò lọ o, olójú mẹ́rin wà, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, èyí tá a ń lò jù ni olójú ogún. Ẹ wá a lọ sí ọjà Wuse, ti lúdò ni wọ́n máa kó síwájú yín. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ju tiwa.

Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ẹ̀dà 1,000 péré sì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ wá gbọ́ nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti orí ẹni mẹ́rin títí dé àádọ́ta lè wà nínú eré kan. Àádọ́ta kẹ̀! Orí wọn ò dàrú o, kì í ṣe pé gbogbo àádọ́ta á rọ́ jókòó lójú kan náà, ẹni tó bá ráyè lọ́jọ́ yẹn ló ń wá, ayé inú eré yẹn ò yí padà, àwọn tó ń wọ inú ẹ̀ ló ń yí padà. Nígbà tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ Gygax fúnra ẹ̀, ṣe ló mú Rob Kuntz, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ta eré náà, mọ́ra kó máa bá òun darí. Nítorí náà mọ́kànlá tí ọ̀gbẹ́ni Lugbe ń sá fún yẹn, àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ èrò tó pọ̀ ní wàhálà tiẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú eré, ẹ jẹ́ mẹ́wàá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ronú, kó ju dáìsì, kó ro nọ́ńbà pọ̀, kó bi DM ní ìbéèrè kan tàbí méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn kó tó tún kàn ẹ́, a ò sì tíì ka ti DM mọ́ ọn, òun náà ní àwọn ọ̀tá tó ń bá yín jà tó gbọ́dọ̀ ju dáìsì fún. Ta ló fẹ́ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó máa wo ẹnu ẹlòmíì? Tó o bá máa fi gbójú sókè, ẹnìkan ti wà lórí WhatsApp, òmíì ń wo èsì Arsenal, ẹ̀kẹta ti jáde lọ ra súyà, tó bá wá kàn án á sáré wọlé, á ní ẹ má bínú, níbo la bá a dé? DM á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹni méjì péré ló ń ta, ogún èèyàn lè dúró lé wọn lórí kínú gbogbo wọn sì dùn, torí ẹnu wọn ò sinmi, wọ́n ń bú ọ̀pẹ, wọ́n ń yin ọ̀ta. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ fẹ́ kó kan òun.

Àwọn àgbà eré yìí ti rí i tipẹ́. Nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ṣe jáde lọ́dún 1981, wọ́n ní káwọn tó ń ta yan agbẹnusọ kan láàárín ara wọn, ẹ ó jọ gbèrò, òun á wá sọ fún DM pé báyìí báyìí la fẹ́ ṣe. Ìwé yẹn náà ló ní tí ìjà bá dé, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ju dáìsì olójú mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ tó bá mú èyí tó ga jù á kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, kálukú ò ní máa tò sí ìlà bí ẹni tó fẹ́ ra epo. A ń lo méjèèjì ní Kubwa tí èrò bá pọ̀. Ti agbẹnusọ dáa tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú igbó tàbí tẹ́ ẹ ń wá ọ̀nà wọ ilé kan, kò dáa rárá tẹ́ ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú eré, torí ibi tí adùn ẹ̀ wà nìyẹn, kálukú fẹ́ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ tiẹ̀. Ẹ sì máa pààrọ̀ agbẹnusọ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tóhùn ẹ̀ lọ sókè jù á sọ ara ẹ̀ di gómìnà. Èyí tó kù, nǹkan kéékèèké ni. Kí kálukú ti mọ nǹkan tó fẹ́ ṣe kó tó kàn án, ẹni tó bá ní ẹ jẹ́ n ronú, ẹ fo ó, ẹ ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Tí ọ̀tá bá jẹ́ mẹ́jọ, kí DM má ju dáìsì mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó pín wọn sí ìdìpọ̀ méjì. Tí àríyànjiyàn lórí òfin eré bá bẹ́ sílẹ̀, ohun tí DM bá sọ la ó tẹ̀ lé lójú ẹsẹ̀, a ó yẹ ìwé wò nígbà tá a bá ń jẹun.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá ti ju mẹ́fà lọ sórí tábìlì kan, kò sí ọgbọ́n tó máa tó o. Mẹ́fà ni mo ń gbà, àfi tẹ́ni keje bá ti Mararaba wá, torí ẹni tó bá ti la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya kọjá lọ́jọ́ Sátidé, mi ò láyà láti ní kó padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni mi ní Lugbe, iye èèyàn kọ́ ló ń dà yín láàmú gan-an gan-an. Tẹ́ ẹ bá padà sí mẹ́rin lọ́la, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá fún nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà yẹn ṣì máa wà níbẹ̀. Lọ́dún 1980, Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Glenn Blacow kọ àpilẹ̀kọ kan tó ti pín àwọn tó ń ta eré yìí sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn tó fẹ́ kí kàràkítà wọn lágbára ju ti gbogbo ayé lọ, àwọn tó jẹ́ pé ọgbọ́n ogun jíjà ló wù wọ́n, àwọn tó fẹ́ gbé ìwà kàràkítà wọ̀ pátápátá, àtàwọn tó jẹ́ pé ìtàn ni wọ́n bá wá. Àwọn míì ti fi karùn-ún àti ìkẹfà kún un látìgbà yẹn, ẹnu ò sì kò lórí ẹ̀ dòní, àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni mo ń rí ní pálọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ayé tá à ń ta nínú ẹ̀, igbó ilẹ̀ Yorùbá ni, gbogbo dragon wọn yẹn mo kó o dànù, mi ò mọ dragon, egbére ni mo mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ní wọ́n gbọ́ ẹkún lábẹ́ igi ìrókò, wọ́n yọjú, wọ́n rí egbére kékeré kan tó ká ẹní ẹ̀ mọ́ abíyá, tó ń sunkún bí ìṣe wọn. Ọmọ Yorùbá wo ni ò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó bá gba ẹní egbére di olówó nìyẹn? Mi ò tíì parí gbólóhùn tí bọ̀dá kan ọmọ Ọ̀fà, tó ń ṣe iṣẹ́ sólà, ti ju dáìsì: "Mo bẹ́ ẹ lórí!" Dáìsì ń yí lọ lórí tábìlì, a ò tíì rí nǹkan tó mú, ọmọbìnrin kan tó ń sin ìjọba, kọ́pà, ti da ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n bi í nǹkan tó ń pa á lẹ́kún." Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Garki ti ṣí fóònù, wọ́n ń wá ibi tí òfin ti sọ iye tí ẹní yẹn máa fi kún agbára èèyàn. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Kano, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi tí mo bí sí Abuja lọ, ti ń to ìdérí kóòkì sórí tábìlì: "Haba, ẹ má tíì jà! Ìwọ dúró síbí, èmi á gba ẹ̀yìn igi, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ bóyá òun nìkan ló wà?" Ẹni karùn-ún, nọ́ọ̀sì kan, ń mu sóbò tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sọ nǹkankan.

Ariwo sọ. Bọ̀dá Ọ̀fà ní ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ọ̀rọ̀ la sọ títí wọ́n fi mú iná lọ. Kọ́pà ní tó bá jẹ́ pé pípa náà ni, kí wọ́n kúkú lọ jókòó ti PlayStation, òun ò lè máa wọ ọkọ̀ méjì láti Bwari wá wo bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan tó ń sunkún. Ọ̀gá Garki ní "ìwé sọ pé..." (ẹ̀yin náà ẹ mọ irú èèyàn tó ń sọ pé ìwé sọ pé.) Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ba eré jẹ́ nínú wọn? Ọ̀nà kan ò wọjà, kálukú ló ń ta géèmù tó dáa, géèmù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ń ta lórí tábìlì kan ṣoṣo.

Mo ní egbére gbọ́ ariwo wọn, ó sá, ẹní ẹ̀ sì há mọ́ gbòǹgbò ìrókò, ó ya sí méjì, ìdajì wà nílẹ̀, ó gbé ìdajì lọ. Bọ̀dá rí nǹkan lé. Kọ́pà ń gbọ́ ẹkún yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, á ṣì rí i bá sọ̀rọ̀ tó bá tètè dé ibẹ̀ ju Bọ̀dá lọ. Ọ̀gá gbé ìdajì ẹní, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò tìwò-tìwò. Ọmọ Kano ní kí wọ́n fi ìdajì yẹn dẹ ẹ́, ó máa padà wá gbà á. Ẹ ẹ̀ rí i pé nǹkan kan ṣoṣo ni mo jù sílẹ̀, àmọ́ ibi tí ọwọ́ mẹ́rin lè dì mú wà lára ẹ̀. DM tó bá ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé, kó tó sùn lálẹ́ Fúráìdè kó bi ara ẹ̀ nípa nǹkan kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ gbé sójú ọ̀nà wọn: ẹni tó fẹ́ jà ńkọ́, kí ló máa rí ṣe níbí? Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló máa rí nǹkan ṣe, á jẹ́ pé àwọn tó kù á gbé fóònù nìyẹn.

Ìyẹn ń gba alẹ́ ọjọ́ kan là ni o, kò wo àìsàn. Lọ́jọ́ kejì mo fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí wọn ní kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí gúrúùpù, torí tẹ́ ẹ bá bi Yorùbá lójú àwùjọ pé ṣé nǹkankan ń bí ẹ nínú, á ní rárá o, kò sí wàhálà. Ìbéèrè mi ò le: ìgbà wo ni inú ẹ dùn jù lórí tábìlì yẹn, ìgbà wo ló ṣe ẹ́ bíi kó o máa lọ sílé? Ẹ ò lè gbà gbọ́ ìdáhùn tó wá. Bọ̀dá Ọ̀fà tí mo ti rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń wù ú, ó ní láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè orí òrùlé olórùlé lòun wà, onílé ń pariwo nísàlẹ̀ pé bátìrì ò gbé fíríjì, ọ̀gá ń pè lórí fóònù, orí tábìlì yẹn nìkan ni òun ti máa ń sọ pé òun fẹ́ ṣe nǹkan, tí nǹkan yẹn á sì ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá Garki, ọ̀rọ̀ agbára kọ́ ló kàn wọ́n rárá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí wọ́n má ṣì í ṣe lójú àwọn ọmọ kéékèèké, ìdí tí wọ́n fi ń ka ìwé ṣáá nìyẹn. Mo fi wọ́n ṣe akọ̀wé, àwọn ló ń kọ ẹni tó kàn sílẹ̀ tí ìjà bá dé, àwọn ló ń bá wa yẹ òfin wò, látìgbà náà ara wọn ti balẹ̀ débi pé àwọn gan-an ló ń ní kí DM má wulẹ̀ da ìwé láàmú. Nọ́ọ̀sì tí ò sọ̀rọ̀ ní òun ń gbádùn ara òun gan-an, ohùn èèyàn ló ti gbọ́ ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀, ó kàn fẹ́ jókòó síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti bèèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín, kí n jọ̀ọ́ kí n má máa fi tipátipá bi òun pé kí lo fẹ́ ṣe. Ẹ wò ó, ẹni tí gbogbo wa ń káàánú pé a ò fún láàyè, a ò bá ti fi àánú lé e lọ.

Ìdáhùn yẹn ni mo fi pín wọn nígbà tí èrò pọ̀ sí i. Tábìlì kan fún ìjà àti ètò ogun, ọmọ Kano ló ń darí ìyẹn báyìí, tábìlì kejì fún ọ̀rọ̀, ìwádìí àti ìtàn, èmi ni mo wà níbẹ̀. Ayé kan náà ni tábìlì méjèèjì wà, nǹkan tí wọ́n bá jó níná lọ́hùn-ún, àwọn tibí á rí èéfín ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá sódìkejì, kó kọjá. Àwọn kan kọ́kọ́ bínú pé wọ́n ya àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, àwọn méjì kan tí wọ́n jọ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rẹ́ pín in, ẹ ó kàn gbé ìjà yẹn láti tábìlì kan sí méjì ni. Ọ̀rẹ́ lè jọ jẹun tí eré bá parí, kílíṣí kan náà ló wà fún gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò rí kí òyìnbó kankan sọ, torí kò sí nílẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Lórí tábìlì Yorùbá, tí èèyàn bá pọ̀, àgbà ló máa sọ̀rọ̀ pẹ́ jù, ọmọdé ò ní já lu ọ̀rọ̀ wọn, tí àgbà bá ní ká gba apá ọ̀tún gbogbo wa á gba apá ọ̀tún, kódà tí ẹkùn bá wà níbẹ̀. A wá fi òfin lélẹ̀ pé tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ kàràkítà la ó máa pe ara wa, oyè tí kàràkítà bá jẹ la ó fi bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa ló mú Ìyálóde. Ẹ ò bá wá wo Ọ̀gá Garki, tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì lórí àga pé "Ìyálóde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba apá òsì," kọ́mọ yẹn sì gbójú sókè pé rárá, ọ̀tún ni. Inú Ọ̀gá dùn ju ti gbogbo wa lọ. Tí eré bá parí, ọmọ yẹn á kúnlẹ̀ kí wọn pé ẹ kú alẹ́ sà, ayé á padà sípò.

Ti pé lónìí ẹ pé mọ́kànlá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ di mẹ́rin, ọ̀gbẹ́ni Lugbe náà sọ ọ́. Abuja rèé, wọ́n ń tiráńsífà èèyàn, kọ́pà á parí sìnrú ìlú, nọ́ọ̀sì á wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, àwọn míì á lọ sílé fún ọdún Iléyá wọn ò ní dé bọ̀rọ̀, lásìkò ààwẹ̀ ẹ̀yìn ìṣínu la máa ń sún eré sí, àwọn kan ò ní lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà kan, Ben Robbins, ti ṣe ètò kan fún irú èyí tó wá gbajúmọ̀: àwọn tó ń ta ló ń dá ọjọ́ fún ara wọn, ẹni tó bá ráyè ló ń jáde, wọ́n á gbéra láti ìlú kan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà sínú ìlú kí eré ọjọ́ yẹn tó parí. Kò ní sí pé a fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú ihò àpáta torí pé wọ́n pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ló bá Abuja mu jù nínú gbogbo nǹkan tí mo ti rí, àwọn ará Nyanya àti Mararaba náà máa ń tètè lọ sílé, torí tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ọkọ̀ á wọ́n, owó á gbówó lórí.

Ṣé kò wá sẹ́ni tó yẹ ká lé ni? Ó wà o. Ẹni tó ń jí ẹrù ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú eré lójoojúmọ́, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin yọ àwọn obìnrin orí tábìlì lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá bá a wí á ní kì í ṣe òun, bí kàràkítà òun ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ta ló dá kàràkítà yẹn? Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún ṣe é, ẹ fi ọ̀nà ilé hàn án, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ẹbí lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn ìjà ò sí lára wọn, ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn náà ò sí níbẹ̀, lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni Lugbe sì jọ pé irú àwọn méjì yẹn ló fẹ́ lé.

Nǹkan kan sì tún wà tí apá ibi tá à ń gbé yìí jẹ́ ká nílò ju ẹlòmíì lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John Stavropoulos ló mú un wá, káàdì kan tí wọ́n kọ X sí lára, ẹ ó gbé e sáàárín tábìlì, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú eré bá kan níbi tó ń dùn ún á fọwọ́ kàn án, DM á fo ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló dé. Àwọn ọkùnrin ilé mi kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ọmọdé ni wá. Nígbà tó yá mo gbé eré kan sílẹ̀ tí àwọn agbébọn fi wọ abúlé kan lóru, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí koríko orí ilé ṣe ń jó ni ọmọkùnrin kan nawọ́ kan káàdì yẹn. Jẹ́jẹ́ ló nà á, kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo ní ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé ọjà, iṣu ti wọ́n. Bọ̀dá Ọ̀fà tó máa ń fi káàdì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní èló niṣu. A ò tíì bi ọmọ yẹn léèrè dòní, a mọ apá ibi tó ti wá, ó tó.

Èyí tó kù ni ti ìwé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á ní dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Láti January 2023, ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast tó ni Dungeons & Dragons lónìí ti gbé òfin tó jẹ́ ìpìlẹ̀ eré náà síta lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Creative Commons, ẹ lè gbà á sórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀gá Garki tẹ àwọn ojú ìwé tó kan kàràkítà kálukú jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n kó o sínú fáìlì pẹlẹbẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ó dín ìbéèrè kù ju bí mo ṣe rò lọ, torí ìdajì àsìkò tí èrò fi ń falẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ń bi ara wọn pé ọ̀rọ̀ mi dà, nọ́ńbà mi dà.

Kí ọ̀gbẹ́ni Lugbe fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sáwọn méjì yẹn lọ́sẹ̀ yìí kó tó ṣe nǹkankan, ní kọ̀rọ̀ o. Tí ìdáhùn wọn bá fi hàn pé tábìlì tiẹ̀ ò lè bá wọn mu, tí ò sì ní ẹni tó lè darí tábìlì kejì, kó darí wọn sí wa ní Kubwa. Èyí tó fẹ́ràn ìjà, ọmọ Kano ń wá ẹni kan sí i lójú méjèèjì, torí ẹnìkan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiráńsífà lọ sí Yola. Àga wà, sóbò wà, dáìsì olójú ogún ni kí wọ́n mú dání tí wọ́n bá ní, méjì péré ló kù lọ́wọ́ wa, ọ̀kan sì ti bọ́ sínú jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
DM Kubwa, Abuja.